Bàálù Tí Kì Í Balẹ̀: Àyẹ̀wò Eré Aviator Orí Fóònù

Eré la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, kì í ṣe ìwé. Bí ènìyàn ṣe lè ka ìwé kan kó sọ ibi tó ti dára àti ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, bẹ́ẹ̀ náà ló lè wo eré kan kó sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ohun tó ń kọ́ ẹni tó ń ta á, àti ohun tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Eré tí a mú ni èyí tí wọ́n ń pè ní Aviator. Ẹ ti lè rí i. Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ gba ìdí igi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí kọjá ní ọ̀sán, ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu, kí ẹ wo ojú fóònù tó wà lọ́wọ́ wọn. Bàálù pupa kékeré kan ń gòkè lójú dúdú, nọ́ńbà kan ń pọ̀ sí i, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ̀rọ̀ títí bàálù náà yóò fi pòórá.

Bí wọ́n ṣe ń ta á nìyí. Ẹ ó fi owó sílẹ̀, ká sọ pé 100 fráǹkì. Bàálù á gbéra. Nọ́ńbà á bẹ̀rẹ̀ láti 1.00, á di 1.10, á di 1.50, á di 2.00, á máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ẹ ó gba owó yín ní ìlọ́po nọ́ńbà tó wà níbẹ̀: bó bá jẹ́ 1.50, 150 fráǹkì; bó bá jẹ́ 3.00, 300 fráǹkì. Ṣùgbọ́n bàálù náà lè fò lọ nígbàkígbà. Bó bá fò lọ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, 100 yín bá a lọ. Ó tán. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í pé ìṣẹ́jú kan, òmíràn á sì bẹ̀rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Spribe ló ṣe é. Ọmọ orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rọ́ṣíà, ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2018, eré yìí sì jáde ní 2019. Kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ ronú irú rẹ̀. Àwọn tó ń fi owó bitcoin ta tẹ́tẹ́ ti ní irú rẹ̀ láti 2014, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn ìlà lásán ló ń gòkè. Spribe ló fi bàálù sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ bàálù yẹn sọ́kàn, a ó padà sídìí rẹ̀.

Kí a tó bá a wí, ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó tọ́ sí i. Eré náà rọrùn púpọ̀. Ẹ kò ní kọ́ òfin káàdì, ẹ kò ní mọ orúkọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù. Ẹni tó bá ti mọ nọ́ńbà owó lè ta á. Ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lójú rẹ̀: ohun tí ẹ fi sílẹ̀, ohun tí ẹ ó gbà, bọ́tìnnì kan, bàálù kan. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà mọ bó ṣe ṣòro tó láti ṣe ojú ìwé kan tí ẹni tí kò kàwé rí yóò lóye láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn yìí ṣe é. Ó wù mí kí a ní irú wọn níbi iṣẹ́ wa.

Ó tún yára. Fóònù tí kò wọ́n rárá ń gbé e, nítorí pé kò sí ohun tí ẹ ó gbà sínú fóònù kí ẹ tó ta á. Ojú ibi tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, bíi Chrome tàbí Opera, náà ló ti ń ṣí. Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ eré tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lo ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Flash. Fóònù iPhone, tó jáde ní 2007, kò gbà á rárá. Ní 2011, ilé iṣẹ́ Adobe tó ni ín sọ pé òun kò ní ṣe é fún fóònù mọ́. Nígbà tí ọdún 2020 parí, wọ́n pa á tì pátápátá. Èyí tí wọ́n ń pè ní HTML5 ló gba ipò rẹ̀, òun ló sì jẹ́ kí ilé tẹ́tẹ́ lè wà lójú fóònù bí ojú ìwé lásán.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan nìyí. Ohun tí a kò gbà sínú fóònù kì í ní àmì lójú fóònù. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ti pa ojú ìwé náà dé, ìyàwó rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ kò ní tètè rí ohun tí wọn yóò fi bi í léèrè. Ẹ̀yin àgbà tó rántí kàlòkàlò, ẹ̀rọ tí wọ́n ń ju owó ẹyọ sí nínú, ẹ mọ̀ pé ibì kan ló máa ń wà. Ẹni tó fẹ́ ta á á dìde nílé, á rìn dé ibẹ̀, àwọn ènìyàn á sì rí i. Bí owó ẹyọ bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, á rìn padà sílé kó tó lè mú òmíràn wá. Ìrìn yẹn níye lórí. Ojú ọ̀nà ni orí ti ń tutù. Fóònù ti mú ìrìn náà kúrò: owó wà nínú fóònù, ní MTN tàbí ní Moov, eré wà nínú fóònù kan náà, ìka kan péré ló wà láàárín méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo orúkọ rẹ̀. Awakọ̀ bàálù ni Aviator túmọ̀ sí. Ta wá ni awakọ̀ náà? Àwòrán fẹ́ kí ẹ gbà pé ẹ̀yin ni. Ìka yín wà lórí bọ́tìnnì, ojú yín wà lára bàálù, àyà yín ń já bó ṣe ń gòkè. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì, ẹ kò lè mú un yára, ẹ kò lè mú un balẹ̀. Bàálù yẹn kì í balẹ̀ rárá. Fífò lọ nìkan ló mọ̀. Èrò ọkọ̀ lẹ jẹ́, èrò tí kò mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ, tí wọ́n ní kó bẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú.

Kí bàálù tó gbéra, ibi tí yóò ti fò lọ ti wà nílẹ̀. Àwọn tó ṣe eré náà kò fi èyí pamọ́. Ẹni tó bá ka àlàyé wọn á rí i, àmọ́ ẹni mélòó ló ń kà á? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà wọn máa ń mú ọ̀rọ̀ àṣírí kan jáde, wọ́n á sì ti fi èdìdì rẹ̀ hàn ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó wá láti inú fóònù àwọn mẹ́ta tó kọ́kọ́ fi owó sílẹ̀. Wọ́n á ṣe ìṣirò kan lórí àpapọ̀ náà, ohun tó bá jáde ni nọ́ńbà tí bàálù yóò dé. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń gbéra. Òtítọ́ wà nínú ètò yìí: kò sí ẹni tó jókòó síbì kan tó ń wo owó yín kó tó lé bàálù lọ, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rò. Ṣùgbọ́n òtítọ́ yẹn náà ló tú àṣírí àwòrán.

Bí nọ́ńbà bá ti wà nílẹ̀ kí bàálù tó gbéra, kí ni ojú tí à ń fi ṣọ́ ọ ń ṣe? Kò ṣe nǹkan kan. Ká sọ pé ẹnìkan kọ nọ́ńbà sínú bébà, ó ká a pọ̀, ó ní: ẹ dárúkọ nọ́ńbà tiyín, bí ti inú bébà bá tó tiyín, ẹ jẹ, bí kò bá tó o, ẹ pàdánù. Eré kan náà ni. Òfin kan náà, owó kan náà. Ta ni yóò jókòó ti bébà kíká fún wákàtí méjì? Bàálù ló sọ bébà kíká di ohun tó dà bí ọgbọ́n ọwọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń ṣe é dáadáa ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wo ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì ní 1.40, tí bàálù wá lọ títí dé 35, á di orí mú: "Mi ò ní sùúrù." Ẹni tó dúró de 3.00, tí bàálù fò lọ ní 2.90, á ní: "Ojúkòkòrò ló pa mí." Wọ́n ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kò dá. Nínú lọ́tìrì, ẹni tó pàdánù á ní orí òun kò gbà á, á sì lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Nínú Aviator, á rò pé òun ló ṣe é, pé bí òun bá túbọ̀ tún ara òun ṣe, ìgbà tó ń bọ̀ á dára. Mi ò mọ ohun tó burú tó èyí lára eré náà.

Láti ibí yìí kan náà lẹ ó ti mọ̀ pé irọ́ ni àwọn tó ń ta ohun tí wọ́n ń pè ní "predictor" lórí WhatsApp àti Telegram ń pa. Wọ́n ní yóò sọ nọ́ńbà tó ń bọ̀ fún yín. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n, nígbà tí apá kan rẹ̀ wà nínú fóònù àwọn mẹ́ta tí kò mọ̀ rí, tí wọn kò tilẹ̀ tíì fi owó sílẹ̀? Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n lóòótọ́, kí ló ń wá lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún díẹ̀ fráǹkì tiyín?

Lókè ojú eré náà, ìlà nọ́ńbà kan wà: 1.23, 4.50, 1.00, 12.70, 2.08. Ibi tí bàálù ti fò lọ sẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n fi àwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, búlúù fún èyí tí kò tó 2, àwọ̀ àlùkò fún èyí tó wà láàárín, àwọ̀ mìíràn tó tún tàn jù bẹ́ẹ̀ lọ fún èyí tó kọjá 10. Ibí yìí ló dùn mí jù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ni ní ìwé kíkà. A ń sọ fún àwọn tó wá sí kíláàsì alẹ́ pé ohun tí a kọ sílẹ̀ ń sọ nǹkan fún ẹni tó bá lè kà á. Àwọn tó ń ta Aviator sì ń ka ìlà yìí tọkàntọkàn. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. "Kékeré mẹ́fà ti lọ léraléra, ńlá ń bọ̀." Babaláwo tó tẹ odù sójú ọpọ́n ní ẹsẹ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lẹ́yìn àmì yẹn, ẹ lè gbà á gbọ́, ẹ lè má gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìlà nọ́ńbà yìí, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Nọ́ńbà tó ń bọ̀ kò mọ èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan la ń ṣi irú rẹ̀ kà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 1913, ní ilé tẹ́tẹ́ Monte Carlo, bọ́ọ̀lù kékeré inú rúlẹ́ẹ̀tì já sí dúdú ní ìgbà 26 léraléra. Àwọn olówó tó wà níbẹ̀ ń kó owó lé pupa, wọ́n ń pọ̀ ọ́n sí i, wọ́n ní kò lè ṣe kó má kan pupa. Owó ńlá ló run níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé ilé tẹ́tẹ́ ìgbà yẹn kò kọ ìlà náà sókè fún wọn. Aviator kọ ọ́, ó sì kùn ún ní ọ̀dà.

Ẹ mú bébà àti bírò wá wàyí. Àwọn tó ṣe eré náà sọ pé 97 nínú 100 ni owó tó ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta á. Ọ̀pọ̀ ló gbọ́ èyí tí wọ́n rò pé ìgbà 97 nínú 100 ni àwọn yóò jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé, bí a bá ka owó gbogbo ènìyàn pọ̀ fún ìgbà pípẹ́, nínú 100 fráǹkì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi sílẹ̀, 3 á dúró sọ́wọ́ ilé tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá ń dúró de 2.00 nígbà gbogbo á jẹ ní nǹkan bí ìgbà 48 tàbí 49 nínú 100, á pàdánù ní èyí tó kù.

Ẹ ó ní 3 kéré. Ó kéré lóòótọ́. Lọ́tìrì 5/90 tí wọ́n ń ta ní Gánà burú jù ú lọ fíìfíì: ẹni tó mú nọ́ńbà méjì lè jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú nǹkan bí ìgbà 400, ìlọ́po 240 ni wọ́n sì ń san fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta lọ́tìrì ní òwúrọ̀ á dúró de ìgbà tí wọ́n máa fa nọ́ńbà. Aviator kò ní kí ẹnikẹ́ni dúró. Bí ẹnìkan bá fi gbogbo 1,000 fráǹkì rẹ̀ ta lẹ́ẹ̀kan, ní ìpíndọ́gba 970 ló kù. Bó bá fi 970 ta, 941. Bí owó náà bá ti lọ tó sì ti bọ̀ ní ìgbà 10, 737. Ní ìgbà 23, kò pé ìdajì mọ́. Ní ìgbà 50, 218. Tàbí kí ẹ kà á lọ́nà mìíràn: ẹni tó ń fi 1,000 sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, tó ta ìgbà 120 ní wákàtí kan, ń san 3,600 fráǹkì fún wákàtí yẹn ní ìpíndọ́gba. Ẹ bi ọlọ́kadà léèrè bóyá wákàtí kan lórí máṣíìnì ń mú iye yẹn wọlé.

Àwọn kan á sọ pé àwọn ní ọgbọ́n. Bí 100 bá lọ, wọ́n á fi 200 sílẹ̀. Bí 200 bá lọ, 400. Wọ́n ní ọjọ́ tí àwọn bá jẹ, gbogbo rẹ̀ á padà pẹ̀lú 100 lórí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: 100, 200, 400, 800, 1,600, 3,200, 6,400. Ìgbà méje péré, ó ti di 12,700 láti fi wá èrè 100. Kí ẹni tó ń dúró de 2.00 pàdánù nígbà méje léraléra kì í ṣe ohun àrà. Nínú nǹkan bí ìgbà 104 tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó jẹ 100 nígbà 103, ìyẹn 10,300. Ẹ ó pàdánù 12,700 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. 12,700 sì rèé, ó lè jẹ́ owó tí yóò fún oní-máṣíìnì ní alẹ́, ó lè jẹ́ owó tí ìyàwó fi ń ra gàrí tà.

Ẹni tó bá ń wo fóònù kò ní rí 12,700 yẹn. Ohun tí yóò rí ni orúkọ àwọn ẹlòmíràn tó ń ta á lọ́wọ́, tí wọ́n fi ìràwọ̀ bo lẹ́tà àárín rẹ̀. Ẹni tó bá gba owó, ìlà rẹ̀ á di àwọ̀ ewé, iye tó jẹ á sì hàn. Ẹni tó pàdánù, ìlà rẹ̀ á dúró bó ṣe wà. Ojú ń rí ayọ̀ àwọn ènìyàn léraléra, kò rí ìbànújẹ́ ẹnì kan. Òǹkọ̀wé tó bá kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wá fún wa, a ó ní kó lọ tún un kọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ayò wé e, nítorí ayò náà jẹ́ eré tí ọkùnrin ń jókòó tì títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò. Ọmọ ayò kò lè ju 48 lọ. Nígbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, eré parí. Ẹni tó ń ta á ń wo ojú ẹni tí wọ́n jọ ń ta. Àwọn tó dúró ń fi í ṣẹ̀sín, wọ́n ń kọ́ ọ. Ẹni tó jẹ́ òpè lónìí lè di ọ̀ta lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí pé ohun tó ṣe nígbà tó pàdánù ń yé e díẹ̀díẹ̀. Lórí Aviator, ẹni tó fi ọdún márùn-ún ta á kò mọ̀ ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí lọ. Kò sí ọ̀ta níbẹ̀, kò sì lè sí láéláé. Eré tí kò ní ìparí, tí kò ní ẹnìkejì, tí kò sí bí ènìyàn ṣe lè gbọ́n nínú rẹ̀: èmi kò rí ìdí tí a fi lè pè é ní eré tó dára, bó ti wù kí bàálù rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ohun kan ṣẹ́ kù lójú rẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ń fi owó sí, ibì kan wà tí wọ́n kọ "Auto" sí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á máa fi owó sílẹ̀ fún yín fúnra rẹ̀, á sì máa gbà á ní nọ́ńbà tí ẹ bá yàn. Ọ̀pọ̀ ilé tẹ́tẹ́ ní eré ọ̀fẹ́ tí a fi ń dánwò, tí kò gba fráǹkì kan. Ẹni tó bá ń jiyàn pé ojú òun mú láti mọ ìgbà tí bàálù ń lọ, kó ṣí eré ọ̀fẹ́ yẹn, kó gbé ẹ̀rọ sí 2.00, kó fi fóònù sílẹ̀ sórí àga, kó lọ jẹun. Nígbà tó bá dé, kó ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ jẹ nínú 100, kó sì fi wé ti ọwọ́ tirẹ̀.